Ṣé kí n pààrọ̀ RAM mi sí èyí tó yára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ayàwòrán ìgbéyàwó ni mí, Abẹ́òkúta ni mo wà. Láptọ́ọ̀pù mi, processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) rẹ̀ ni Core i5-8250U, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀, irú DDR4, ìyára rẹ̀ jẹ́ 2400. Tí mo bá ń to fídíò, ṣe ló máa ń takú. Ẹni tó ń tajà ní kí n yọ ọ́ dànù, kí n ra 8GB tó jẹ́ 3200. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o. 2400 ni Intel tó ṣe processor yín fi ṣe òpin ìyára RAM fún un. Bí ẹ bá ki 3200 sí i, 2400 náà ni yóò máa sá. Mo ti rà á rí fún irú ẹ̀rọ yìí kan náà. Mo tan án, 2400 ni mo bá lójú rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an torí owó oníbàárà ni.

Àyè ló há mọ́ ẹ̀rọ yín. Tí 8GB bá ti kún, yóò máa kó ẹrù lọ sórí disk (ibi tí fáìlì yín wà), disk kò sì lè bá RAM sáré. Ẹ ṣí fídíò yín sílẹ̀, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Ẹ wo bó ṣe kún tó, kí ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ "Slots used" (iye ihò RAM tó ti ní nǹkan nínú) sí. Bó bá jẹ́ 1 of 2, ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, ẹ ra 8GB míì tì í. Yóò di 16GB, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbẹ́rù: ẹyọ 2400 kan ń gbé 19.2GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì ń gbé 38.4. Ẹyọ 3200 kan, níbi tí wọ́n ti gbà á láyè pàápàá, 25.6 ni. Ẹ ó rí i lójú fídíò, nítorí inú RAM yìí náà ni graphics yín (apá tó ń gbé àwòrán jáde) ti ń yá àyè lò.

Bó bá jẹ́ 1 of 1, ẹyọ 16GB ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. DDR4 ni kí ẹ bèèrè o. Ojú gígé DDR3 kò bá ihò yín mu.

Ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà tuntun láti máa fi gbá géèmù lórí processor Ryzen 5 5600G, tó gba 3200 láyè, òun ni mo lè sọ fún pé kó ra 3200.

Tó bá sì jẹ́ hard disk tó ń yí ló ṣì wà nínú tiyín, SSD (disk tí kì í yí, tó sì yára jù ú lọ) ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.