Kó o tó ra bàlúù ológun yẹn

Àbúrò mi ní Ìkòròdú, o ní o rí King Air àlòkù tó ti bá àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ò wọ́n, o sì fẹ́ máa fi gbé àwọn tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ láti òkè. Ẹ kú ìnáwó. Mo ra irú ẹ̀ rí, U-21, orúkọ tí ológun ń pe King Air tiwọn. Àwa mẹ́ta la dá owó, ọ̀hún la sì ti fò ó fún ọdún mẹ́rin kí n tó padà wálé sí Ẹ̀pẹ́.

Wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ làwa ń wò nígbà tá a fẹ́ rà á. Àṣìṣe ńlá. Ológun lè fò fún wákàtí mẹ́rin kó tó balẹ̀. Tiwa, a ó gùn dé 13,500 ẹsẹ̀ bàtà, a ó tú èrò sílẹ̀, a ó balẹ̀ kó òmíràn, gbogbo ẹ̀ 20 ìṣẹ́jú. Nínú wákàtí mẹ́rin yẹn, a ti gbéra lẹ́ẹ̀méjìlá. Àwọn àwo irin tó ń yí nínú PT6, ẹ́ńjìnnì King Air, sì rèé, iye ìgbà tó gbéra ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn.

Sátidé kan, bátìrì ti ń kú lọ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èrò 14 ti jókòó, owó ti wọlé. Ẹ́ńjìnnì òsì ń yí bí ìyá arúgbó tó ń lọ ata lórí ọlọ, mo bá fún un lépo. Afẹ́fẹ́ ò tó, iná ló kún inú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ò gun mọ́, ó fò ni. Kí n gé epo lójú ẹsẹ̀, kí n jẹ́ kí stárítà máa yí i, ni. Ọwọ́ mi dúró fún bí ẹní ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n tú u, etí àwọn irin pẹlẹbẹ bí abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Owó tá a fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tá a fi ra bàlúù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Ẹ̀yà bàlúù tí kò bá ní ìwé tí aláṣẹ òfuurufú gbà, kó máa dán bí idẹ, irin lásán ni. Ìwé yẹn gan-an ló ń sọ ohun tójú bàlúù ti rí. Ní 2016, King Air kan ní California pàdánù eré nígbà tí àwọn èrò inú ẹ̀ fẹ́ bẹ́, ó ń pòòyì, apá kan ìrù rẹ̀ já. Gbogbo wọn yè. Bàlúù yẹn kan náà ló já lulẹ̀ ní Hawaii ní 2019, èèyàn 11 kú. Awakọ̀ ló fipá dà á nígbà tó ń gbéra, àmọ́ àwọn olùṣèwádìí rí i pé ìyẹ́ apá òsì rẹ̀ ti lọ́ látìgbà ti 2016.

Ní ọjà ẹja Olúwo níbí, ta ló ń ra ẹja láì ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò? Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì láti wo inú rẹ̀. Sanwó mẹkáníìkì tìẹ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí onítọ̀hún bá ní kò sáyè kámẹ́rà, kí i, kó o máa lọ. Bó bá gbà, ya fọ́tò ojú ìwé tí wọ́n kọ iye ìgbà tó gbéra sí, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó san kọ́bọ̀.