Ìwé àwìn inú fóònù: báwo ni mo ṣe máa tọ́jú object mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Yábàá ni mò ń gbé. Mò ń fi Flutter (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù) ṣe áàpù kékeré kan fún màmá mi tó ń ta àǹkárá ní Balógun, kí wọ́n lè máa kọ àwọn tó ra ọjà láwìn sínú fóònù. Mo ní kíláàsì kan (àwòṣe tí a fi ń dá object sílẹ̀) tó ń jẹ́ Onibara: orúkọ, owó àti ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú shared_preferences, ibi tí áàpù ń kó ohun kéékèèké sí lórí fóònù, ó kọ̀ ọ́, ni mo bá lo toString() láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ó gbà á, àmọ́ nígbà tí mo tún áàpù ṣí, "Instance of 'Onibara'" ni mo bá níbẹ̀. Níbo ni gbogbo owó yẹn gbà lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, owó náà kò wọlé rárá. Bí o kò bá tún toString() kọ fúnra rẹ, orúkọ kíláàsì nìkan ló máa ń sọ. Àmì ara àpò lo tọ́jú, ẹrù ṣì wà níta.

int, double, bool, String àti List<String> nìkan ni shared_preferences mọ̀. Èyí tó bá ti yàtọ̀ sí wọn, ìwọ lo máa tú u kó tó wọlé, ìwọ náà lo máa tò ó padà. Kọ èyí sínú Onibara:

Map<String, dynamic> toJson() => {'oruko': oruko, 'kobo': kobo, 'ojo': ojo.toIso8601String()};

jsonEncode(onibara) á wá sọ ọ́ di String, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a kọ ní ìlànà JSON, setString á sì gbà á. Tí o bá fẹ́ kà á, jsonDecode ni, kí o gbé ohun tó bá mú wá fún Onibara.fromJson tí ìwọ náà máa kọ.

Wo 'ojo' yẹn dáadáa: jsonEncode kò mọ DateTime, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. DateTime.parse ló máa dá a padà. Kọ́bọ̀ ni mo sì fi ka owó, nínú int, ìyẹn nọ́ńbà tí kò ní dẹ́símà. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ná kọ́bọ̀ ní Balógun mọ́, àmọ́ 0.1 + 0.2 nínú double (nọ́ńbà onídẹ́símà), 0.30000000000000004 ló ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá fi nọ́ńbà fóònù kún un, null (òfo) ni àwọn oníbàárà àtijọ́ máa mú wá, nítorí náà fi ?? '' sí i nínú fromJson, kí ó lè fi ọ̀rọ̀ òfìfo rọ́pò rẹ̀.

Ìyẹn ni ohun tí o bi mí. Ṣùgbọ́n èmi ò ní kó ìwé àwìn sínú shared_preferences láéláé. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn kìlọ̀ pé kò dájú pé ohun tí a kọ ti délẹ̀ nígbà tó bá ní òun ti parí, kí á má fi tọ́jú ohun tó ṣe pàtàkì. Èdè tàbí àwọ̀ tí màmá fẹ́ràn ló yẹ ibẹ̀. Lo sqflite, tó ń bá SQLite, ibi ìkó-dátà onítábìlì inú fóònù, ṣiṣẹ́. Làálàá rẹ kò ní ṣòfò, Map yẹn náà ni db.insert ń gbà, tí orúkọ inú rẹ̀ bá ṣáà ti bá ti inú tábìlì mu. Tí màmá bá wá bèèrè àwọn tó jẹ wọ́n ju ₦50,000 lọ:

db.query('onibara', where: 'kobo > ?', whereArgs: [5000000]);

Tí ẹnikẹ́ni bá tẹ "Clear data", gbogbo rẹ̀ ti kúrò lórí fóònù nìyẹn. Fi bọ́tìnnì kan sí i tí á máa fi JSON náà ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ, kí màmá má sì tíì ju ìwé àwìn ọwọ́ wọn nù.