Ajá Nínú Ọkọ̀ Ìrìn-Àjò: Ṣé Ìrun Wa Bàjẹ́ Ni?

Ìbéèrè: Àsàláámù àláékúmù, Àáfà wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé, lágbègbè Tàkìe. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sí Àbújá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wá fi ọkọ̀ kó èmi àti àwọn ọmọ. A ní ajá kan tó ń ṣọ́ ilé wa láti ìgbà tí olè ti fọ́ ilé aládùúgbò wa. Ọmọ mi obìnrin náà ní olóńgbò kan tó so ṣaworo sí lọ́rùn. A fẹ́ kó àwọn méjèèjì dání. Nígbà tí mo dá a sọ ní àsàlátù, áàfà ọ̀dọ́ kan ní bí ara ajá bá ti kan wa, àlùwàlá ti bàjẹ́, aṣọ di fífọ̀ nígbà méje, gbogbo ìrun tí a bá kí lójú ọ̀nà sì ti ṣòfò. Ó tún ní àwọn mọláíkà kò ní bá wa rìn, nítorí náà ìjàǹbá ni yóò gbẹ̀yìn ìrìn-àjò wa. Áàfà mìíràn ní kí n má ṣèyọnu, òun yóò ṣe tírà tí a ó so mọ́ ajá lọ́rùn, tí yóò dúró dípò àwọn mọláíkà. Mo ti san ìdajì owó rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kúkú ta ajá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Wà àláékúmù sàláámù wà ráhámótúlláhì.

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ajá yín lè bá yín dé Àbújá, olóńgbò náà lè lọ. Kò sí àlùwàlá tó bàjẹ́, kò sí ìrun kankan tí ẹ ó tún kí. Ìdajì owó tírà tó kù, má san án. Èyí tí o ti san, lọ gbà á padà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè rí oorun sùn lálẹ́ òní, kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú.

Ojú ọ̀nà Imáámù Malik nínú òfin ẹ̀sìn ni àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá yìí, orí rẹ̀ ni mo wà, orí rẹ̀ ni mo sì ti ń dá ọ lóhùn. Lójú ọ̀nà yìí, ohunkóhun tó bá ṣì wà láàyè, mímọ́ ni: ara rẹ̀, òógùn rẹ̀, omijé rẹ̀, itọ́ rẹ̀. A kò yọ ajá sílẹ̀. Hádíìsì tó ní kí a fọ abọ́ tí ajá bá mu nínú rẹ̀ nígbà méje, Imáámù Malik gan-an gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀, kò sá fún un. Ohun tó sọ ni pé àṣẹ ìjọsìn ni, lórí abọ́ omi, kì í ṣe nítorí pé itọ́ náà jẹ́ nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Súrátùl Máídà, ẹsẹ̀ 4, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a jẹ nínú ohun tí ajá ọdẹ bá mú wá fún wa. Eyín ajá ló fi mú ẹran náà, itọ́ rẹ̀ sì ti wọ inú ẹran, síbẹ̀ a kò gbọ́ pé kí a fọ ẹran náà nígbà méje. Malik bi wọ́n léèrè pé: a ń jẹ ẹran tó pa, báwo la ṣe máa wá kórìíra itọ́ rẹ̀? Ó tún ka á sí ohun ńlá pé kí ènìyàn da oúnjẹ tí Ọlọ́hun pèsè nù nítorí pé ajá fi ẹnu kàn án.

Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ní kékeré wa, ọdẹ ló múlé ti ilé-kéwú wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, olùkọ́ wa ti ṣe àlùwàlá tán, wàláà wa ṣì wà lọ́wọ́ wa, ni ajá ọdẹ yìí bá sá wọlé, ó gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, omi ara rẹ̀ sì ta sí bùbá funfun tí olùkọ́ wa wọ̀. Gbogbo wa pariwo. Bàbá kò pa aṣọ dà. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọn omi náà nù, wọ́n ní kí ẹnì kan mú ajá padà fún olówó rẹ̀, wọ́n sì lọ ṣíwájú wa kí Alásárì. Nígbà tí a parí, ọ̀kan nínú wa béèrè. Wọ́n ní, "Omi òjò ló ta sí mi lára, ọmọ." Títí di òní, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orí ìmọ́tótó, bùbá funfun yẹn ni mo máa ń rí.

Èmi kò sọ pé áàfà ọ̀dọ́ yẹn parọ́ lórí itọ́ ajá. Ọ̀nà Imáámù Shafi'i àti ti Imáámù Ahmad ló bá lọ, wọ́n gbà pé nájísì ni, wọ́n sì ní ẹ̀rí tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ní fífọwọ́kan ajá ń ba àlùwàlá jẹ́. Ohun tí wọ́n ní ni pé bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, kí a fọ ibẹ̀. Ohun tí ń ba àlùwàlá jẹ́, o ti kọ́ ọ nílé-kéwú, ajá kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ máa dá àwọn ìyá lẹ́jọ́ ní àsàlátù, ó yẹ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ń dọ̀tí aṣọ àti ohun tó ń tú àlùwàlá. Ó sì yẹ kó sọ fún wọn pé, "Ọ̀dọ̀ lámọrín ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà àwọn baba yín yàtọ̀."

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn mọláíkà. Òótọ́ ni hádíìsì náà. Abu Hurayra, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ló gbà á wá, ó wà nínú àkójọ hádíìsì ti Imáámù Muslim: àwọn mọláíkà kì í bá àwọn arìnrìn-àjò tí ajá tàbí agogo bá wà lọ́dọ̀ wọn rìn. N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó sọ, má fi tìrẹ kún un. Kò ní ìrun wọn bàjẹ́. Kò ní ọkọ̀ wọn yóò yí dànù. Àwọn mọláíkà ìkẹ́, àwọn tó ń tọrọ àforíjìn fún ẹ̀dá, ni àwọn onímọ̀ ní ó ń sọ. Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ kì í fi wá sílẹ̀. Àwọn tí Ọlọ́hun fi ń ṣọ́ ènìyàn níwájú àti lẹ́yìn pẹ̀lú àṣẹ Rẹ̀, tí Súrátù Ráádì, ẹsẹ̀ 11, sọ nípa wọn, ajá kan kò lè lé wọn lọ.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí irú ajá tí hádíìsì yìí ń bá wí. Àwọn kan ní gbogbo ajá ni. Àwọn kan ní ajá tí kò nídìí ni, nítorí Ànábì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń da ẹran. Ọ̀dọ̀ àwọn ìkejì yìí ni mo wà, ajá tó ń ṣọ́ ilé lọ́wọ́ olè sì bá ajá oko dọ́gba lójú mi. Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ẹni tó kọ Rísálà, ìwé òfin ẹ̀sìn ọ̀nà Malik tí à ń kà, tó kú ní ọdún 386 Híjírà, ògiri ilé rẹ̀ wó lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń bà á, ó bá so ajá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Malik kórìíra kí ajá wà nínú ilé." Ó dá wọn lóhùn pé, "Bí Malik bá bá ìgbà wa yìí, kìnnìún ni ì bá so mọ́lẹ̀." Ìwọ tí olè fọ́ ilé tó múlé tì ọ́, o mọ ohun tó ń sọ.

Bó bá jẹ́ fáàrí lẹ fi ń sin ajá ni, tí ẹ kàn fẹ́ kí wọ́n rí i lójú fèrèsé ọkọ̀, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀. Ànábì ní ẹni tó bá sin ajá láìnídìí, nínú láádá rẹ̀ ni yóò máa dín lójoojúmọ́. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ bóyá ilé tí ẹ ń lọ ní Àbújá nílò ajá. Bó bá jẹ́ ilé tó ní géètì àti ọlọ́dẹ ni, ẹ fún àgbẹ̀ tàbí ọdẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ajá náà. Ẹ má tà á. Malik kórìíra owó ajá, hádíìsì sì kọ̀ ọ́.

Áàfà ọ̀dọ́ tó ní ìjàǹbá ni yóò gbẹ̀yìn ìrìn-àjò yín, ta ló sọ fún un? Ọ̀rọ̀ ajá àti ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn tó ń bọ Ògún ní bí a bá pa ajá, ọkọ̀ kò ní ṣèjàǹbá. Òun náà wá ní bí ajá bá wọ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò ṣèjàǹbá. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń bọ̀, kì í sì í ṣe inú hádíìsì. Kó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kó sì wá bẹ̀ ọ́, nítorí ó dẹ́rù ba obìnrin tó fẹ́ kó ọmọ lọ bá ọkọ.

Ti oní-tírà ló burú jù. N kò ní wọ ìjà tírà lápapọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ Ọlọ́hun ká so ó mọ́ ajá lọ́rùn, kí ajá máa fi sùn lórí ìtọ̀ ara rẹ̀, ta ló gbà á láàyè rí? Abu Bashir al-Ansari wà pẹ̀lú Ànábì nínú ìrìn-àjò kan, Ànábì rán oníṣẹ́ sí àárín èrò pé ọsán ọrun kankan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù lọ́rùn ràkúnmí, kí wọ́n gé e. Nígbà tí Malik sọ hádíìsì yìí tán, ó ní lójú tòun, nítorí ojú burúkú ni wọ́n ṣe so wọ́n. Ìyẹn ni pé, ẹran ìrìn-àjò gan-an ni wọ́n so nǹkan mọ́ lọ́rùn kó lè dáàbò bò wọ́n lọ́nà, Ànábì sì ní kí a gé e. Áàfà yìí wá ń ta ohun tí Ànábì ní kí a gé. Ó tún ní yóò dúró dípò mọláíkà! Ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí lẹ́rù fún un. Mú ìdáhùn mi yìí lọ fún un, kó dá owó rẹ padà.

Ohun tó yẹ kó máa bà yín lẹ́rù, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ ọ́. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, a yà sẹ́bàá ọ̀nà kí a kí Àìlà, lẹ́yìn tí a kọjá afárá Odò Ọya ní Jẹ́bbà. Ọkọ̀ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa. Mo gbọ́ tí nǹkan ń họ irin nínú bùútù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná. Ajá ni. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ahọ́n rẹ̀ ti jáde, ó ti di àwọ̀ ẹ̀dọ̀, kò lè dìde mọ́. Olówó rẹ̀ sì ti ń na ẹní ìrun. Omi àlùwàlá mi ni mo bù sí i lẹ́nu. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí gúlegúle ló fi ń tu ara rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, yóò kú. Ànábì sọ fún wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí olóńgbò tó dè mọ́lẹ̀ tí kò fún lóúnjẹ. Ó tún ní ọkùnrin kan rí àforíjìn nítorí ajá tó fi ìbọ̀sẹ̀ awọ pọn omi fún. O ti gbọ́ méjèèjì tipẹ́, ojú ọ̀nà Àbújá ni ẹ ó ti lò wọ́n.

Anas, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ní bí àwọn bá sọ̀ lójú ìrìn-àjò, àwọn kì í kí náfílà títí àwọn yóò fi sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ràkúnmí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibòji, ẹ fún ẹran lómi, ẹ so ajá mọ́ igi lẹ́yìn yín, ẹ wá kírun. Ẹ má tì wọ́n mọ́nú ọkọ̀ nínú oòrùn kí ẹ wọ mọ́sálásí. Kí ajá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́wọ́ dókítà ẹranko kí ẹ tó gbéra. Olóńgbò, inú agbọ̀n tó ní ihò ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Òun kò ní wàhálà rárá: Abu Qatada, òun náà ọmọlẹ́yìn Ànábì, tẹ abọ́ omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún olóńgbò mu, ó ní Ànábì ní kì í ṣe nájísì, ara àwọn tó ń rìn káàkiri láàárín wa ni.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn, nájísì nìyẹn, èébì wọn náà bẹ́ẹ̀ bó bá ti yí padà kúrò ní oúnjẹ. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ibi tó bá kàn, tí yóò fi lọ, ẹ kò ní ka méje. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ó kan aṣọ, ẹ wọ́n omi sí i, ó tó. Ẹ mú aṣọ ìrun kan lọ́tọ̀ sínú ọ̀rá.

Ó ku ṣaworo ọrùn olóńgbò. Gbogbo wọn ń jà lórí ajá, kò sẹ́ni tó rántí pé hádíìsì kan náà dárúkọ agogo. Ajá nídìí tirẹ̀, ṣaworo kò ní. Tú u lọ́rùn rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò tó mọ́. Bí ọmọ bá ń sunkún, sọ fún un pé ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni a ó fi pamọ́ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kò ní bá wa wọ ọkọ̀.