Kérékou tí àwa mọ̀

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, o ní o rí i tí àwọn ọ̀dọ́ Kútọnu ń yin Mathieu Kérékou, ààrẹ ilẹ̀ Benin tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń yin wòlíì. O fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni rere ni àbí apàṣẹwàá, àti ìdí tí wọn ò fi gbé e lọ sílé ẹjọ́. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní agbègbè Ìpóbẹ̀ àti Kétu ní gbogbo àsìkò ìjọba rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ń pè ní Révolution, ìyẹn ìyípadà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹnu mi sì ti gba ọ̀rọ̀.

Apàṣẹwàá ni. Abẹ́ rẹ̀ náà sì ni àpò ìjọba ti gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìlú ní kó gbé agbára sílẹ̀, tí ìbọn ṣì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni yìnbọn. Àwọn tó ń yìn ín ń fo ti àkọ́kọ́, àwọn tó ń bú u ń fo ti ìgbẹ̀yìn.

Nígbà tó gbàjọba ní 26 oṣù kẹwàá 1972, a yọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọ pé a ò yọ̀. Láti 1960 tí Dàhòmì, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni ṣọ́jà àti olóṣèlú ti ń lé ara wọn jáde nílé ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n fi ààrẹ mẹ́ta jẹ pa pọ̀: Hubert Maga ará àríwá, Justin Ahomadégbé ará Àgbómẹ̀, Sourou Migan Apithy ará Àjàṣẹ́, kí kálukú máa lo ọdún méjì méjì. Maga lo tirẹ̀ tán, Ahomadégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, Apithy ò tiẹ̀ débẹ̀ rárá. Kérékou, ọ̀gá ṣọ́jà tí wọ́n bí ní 1933 ní Kouarfa lẹ́bàá Natitingou, ló wá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àhámọ́. Ó di 1981 kí wọ́n tó jáde.

Kò mẹ́nu ba Marx, bàbá ìlànà Kọ́múnísì, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àgbómẹ̀ ló ti sọ ọ́ ní 30 oṣù kọkànlá 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀. Nígbà tí ọjọ́ yẹn tún yí po ní 1975, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀, Dàhòmì di Benin, àsíá wa di aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa kan. Àwọn àgbà Kétu ò sunkún Dàhòmì o. Ọmọ ogun ọba Dàhòmì àtijọ́ ló run ìlú wọn ní 1886.

Ní abúlé, ọkọ́ ni Révolution fi wọlé wa. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun, École Nouvelle, ní kí gbogbo ilé ìwé dá oko, kí ọmọ máa kàwé kó sì máa ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Bí o bá kà á nínú ìwé, kò burú. Nínú oòrùn ọ̀sán ni mo ti mọ bó ṣe rí: ọmọ tí kò tíì mọ ìṣirò ń kọ ebè, àwọn òbí ń bi mí pé ṣé oko bàbá òun ò tó ni. "Ehuzu!" (ó ti yí padà, lédè Fọ̀n) la fi ń kíra, èsì rẹ̀ ni "Dandan!" Lédè Faransé, "Prêt pour la Révolution!" (a ti múra tán fún ìyípadà), kí o dáhùn pé "La lutte continue!" (ìjà ń tẹ̀síwájú). Bí o bá dáhùn ún tìlọ́ratìlọ́ra níwájú aṣojú ìgbìmọ̀ abúlé, ó ti mọ ojú rẹ nìyẹn. Àwa olùkọ́ kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Èyí tó dùn mí jù ni ogun àjẹ́. Ìjọba tó ní Marx lòun ń kà ló gbéra ní àárín àwọn ọdún 1970 tó ń wá àjẹ́ kiri. Ìyá arúgbó ni wọ́n ń mú, wọ́n á ní kó jẹ́wọ́ lórí rédíò, La Voix de la Révolution. Wọ́n gé igi òrìṣà lulẹ̀ níbi púpọ̀. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ làwọn ń bá jà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń wá àjẹ́ tí kò gbà pé àjẹ́ wà.

Kí n má ṣe àbòsí, ohun kan wà tí mo fi ń yìn ín. Ẹ̀kọ́ àgbà ní èdè abínibí gbilẹ̀ nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ Yorùbá sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, lójú àwọn ọ̀gá wa, èdè ìjìyà ni Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé.

Bákan náà, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àlá. Ní 16 oṣù kìíní 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ Kútọnu ní òwúrọ̀, àwọn jagunjagun àgbàṣe tí Bob Denard, ọmọ Faransé, kó wá sì tú jáde. Wọ́n fẹ́ gba ìjọba. Ìjà náà ò pẹ́ tí wọ́n fi sá padà, wọ́n sì gbàgbé ìwé ètò wọn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ṣàtakò ti di ọmọ Denard. Ẹ̀wọ̀n Ségbana lápá àríwá gba akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sínú. Púpọ̀ nínú wọn, ẹgbẹ́ Kọ́múnísì abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. O gbọ́ mi dáadáa: ìjọba Marx ń fi ọmọlẹ́yìn Marx sẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò mọ̀ ni pé ibodè Nàìjíríà ló ń bọ́ ìjọba yìí. Ìrẹsì, aṣọ, sìgá á ti òkè òkun dé èbúté Kútọnu, ìjọba á gba owó orí wọn, ọjà náà á sì gba Ìgóló, Ìlárá àti ọ̀nà igbó Kétu wọ Nàìjíríà lóru. Ìwé Marx wà lọ́fíìsì, owó wà ní Ìgóló. Nígbà tí epo rọ̀bì Nàìjíríà ń pa owó ńlá, a ń jẹun. Owó àsìkò yẹn ló mú wọn gbé ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì kalẹ̀ ní Onígbòló, àti ti ṣúgà ní Sábẹ̀ẹ́, ìjọba méjèèjì ló jọ ni wọ́n. Àwọn ọmọ ìlú wa ríṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà Nàìjíríà ni wọ́n gbójú lé, nígbà tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ń wá owó.

Ní 1983 Nàìjíríà lé àwọn àjèjì jáde. Àwọn ènìyàn ìhà Ghana ni gbogbo ayé ń rántí, àmọ́ àwọn tiwa náà gbé ẹrù sórí wá sílé. Ní 1984 ìjọba Buhari ti ibodè pa, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i, ọdún yẹn náà ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀. Kò sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba kankan tó lè tún èyí ṣe. Owó tó sì kù nílé, àwọn tó súnmọ́ ààfin yá a láìdá padà. Nígbà tó di 1988, báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ lọ, wọ́n ní kó padà wá lọ́la.

Ìgbà tí owó oṣù wa ò dé mọ́ nìyẹn. Oṣù kan, oṣù méjì, ó di púpọ̀. Ìyàwó mi ń din gàrí, èmi ń lọ sóko lẹ́yìn ẹ̀kọ́, oko tèmi o, kì í ṣe ti ilé ìwé mọ́. Olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí títì, ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 sì ṣòfò pátá. Ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé àti IMF, àjọ owó àgbáyé, ní 1989, nínú oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ní àwọn ò ṣe ti Marx mọ́. Kò sí ẹni tó bi wá nígbà tó wọlé, kò sí ẹni tó bi wá nígbà tó jáde.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ọkàn rere ló mú Kérékou pe Àpérò Gbogbogbò, ìpàdé àwọn aṣojú gbogbo ìlú, rẹ́rìn-ín. Àìlówó ló pè é. Láti 19 sí 28 oṣù kejì 1990, wọ́n pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló ṣe alága. Àwa tètí sí rédíò. A gbọ́ tí wọ́n kéde pé àpérò náà ló ní agbára gbogbo, pé ohun tí àwọn bá pinnu, ààrẹ kò lè yí i padà. Gbogbo wa dákẹ́, à ń retí ṣọ́jà. Kérékou gbà. Nicéphore Soglo di olórí ìjọba, Kérékou wà níbẹ̀ lórúkọ títí ìbò 1991 fi dé, Soglo sì fi èyí tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta lù ú. Ó kó ẹrù rẹ̀ ó lọ.

Ẹni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan, kó wo ilẹ̀ Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ṣe irú àpérò náà ní Lomé ní 1991, ọdún ò sì tíì parí tí ṣọ́jà fi ya bo ọ́fíìsì Koffigoh, olórí ìjọba tí àpérò yàn. Eyadéma, ààrẹ wọn, lo ipò títí ó fi kú ní 2005. Àpò tirẹ̀ náà gbẹ.

Èyí tó kù, o lè kà á níbòmíràn: ó di Mùsùlùmí ní Líbíà ní 1980, ó tún padà sọ́dọ̀ Jésù, agẹmọ tí wọ́n ń pè é, ó gba orúkọ náà tayọ̀tayọ̀. Ó tún fi ìbò wọlé ní 1996 àti 2001, ti 2001 yẹn kò mọ́ tó, minisítà rẹ̀ ló bá a dù ú níparí nítorí àwọn alátakò gidi ti yẹra. Ní 2006, òfin ìpìlẹ̀ ní kò lè dù ú mọ́, àwọn kan sì ń rọ̀ ọ́ pé kó yí òfin padà. Kò yí i. Ó fún Boni Yayi, ààrẹ tuntun, ní kọ́kọ́rọ́, ó lọ sílé, ó kú ní 2015.

Ti ilé ẹjọ́ tí o béèrè: nígbà tí ó ń gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1991, wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é lẹ́jọ́ lórí ohunkóhun tó ti ṣe láti 1972. Owó tí ìlú fi ra àlàáfíà nìyẹn, àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n ló sì san án. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú wọn, olùkọ́ bíi tèmi, ara rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò láti ìgbà náà. Ní 1996 ó dìbò fún Kérékou. Mo bi í léèrè pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gé iye owó CFA tí à ń ná sí méjì ní 1994, lábẹ́ ìjọba Soglo, ìrẹsì ti kọjá agbára òun, òun ò sì jẹ ẹ̀wọ̀n Kérékou mọ́, ìrẹsì lòun ń jẹ. Èmi ò dìbò fún un. A ṣì máa ń jà lórí rẹ̀ bí a bá pàdé.