Ṣé ká kó àwọn ọmọ lọ sí Charleston?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ìyá Tofúnmi ni mí, láti Dallas. Ọlidé ń bọ̀, a sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́sàn-án, lọ sí Charleston ní South Carolina. Bàbá wọn ní ọ̀rọ̀ ẹrú ti wúwo jù fún ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, kí ni ká wò, kí ni ká fò? Ṣé ká dé Ọ̀yọ́túnjí náà, abúlé táwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń ṣe ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá, àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Èsì: Ìyá Tofúnmi, ẹ kú ìmúra. Bàbá wọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ lọ. Bí ẹ bá lè yẹra fún oṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ yẹra. Ooru ibẹ̀ ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára bíi ti Èkó. Bí òkun bá sì kún, omi a máa gba àwọn títì kan láàárín ìlú, kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, nítorí náà ẹ má kàn gbé mọ́tò síbi tó bá ṣáà ti ṣófo.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ni International African American Museum tí wọ́n ṣí ní 2023. Orí ilẹ̀ Gadsden's Wharf gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, èbúté tí wọ́n ti ń já àwọn èèyàn wa sílẹ̀ látinú ọkọ̀ kí òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọlé ní 1808. Orí òpó ni wọ́n gbé ilé náà kà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn èèyàn tó nà gbalaja sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ọkọ̀. Omi á bò wọ́n, á tún fà. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì lẹ máa rà kẹ́ ẹ tó gòkè, ẹ rà á láti ilé.

Òkè yẹn lọ̀rọ̀ tèmi wà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń wá ìran wọn nínú àkọsílẹ̀. Màmá kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, fáìlì kún tábìlì wọn. Ọmọ mi ọkùnrin, tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, lọ dúró sẹ́yìn wọn. Wọ́n fi ìwé ìkànìyàn ẹrú ti ọdún 1860 hàn án. Orúkọ olówó ẹrú ló wà lókè. Nísàlẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Kò sí orúkọ. Wọ́n fi ìka sórí ìlà kan: obìnrin, ọdún 24. Wọ́n ní ó jọ pé ìyá-ńlá àwọn nìyẹn, pé ìkànìyàn 1870 ni wọ́n tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀, àwọn ò sì rí i níbẹ̀ mọ́.

Ni wọ́n bá bi ọmọ mi pé níbo làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Ó ní Nàìjíríà. Ojú wọn tàn. "Kí lorúkọ ìyá-ìyá ẹ?" Ọmọ ní, "Màmá Ìbàdàn." Wọ́n fa bírò yọ, wọ́n ní kó pe lẹ́tà ẹ̀ fáwọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kọ ọ́ tán kí n tó débẹ̀. Mo ní rárá mà, ìlú ni. Mo sọ orúkọ ìyá mi. Wọ́n ní ìyá tiwọn náà ńkọ́? Ẹnu mi ṣófo. Ìyá Alágbo ni gbogbo Òkè-Àdó ń pè wọ́n. Ohun témi náà ń pè wọ́n nìyẹn títí wọ́n fi sùn.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ta ló ń pe ìyá àgbà lórúkọ nílé wa? Ìgbátí ni. Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé mi ò kọ́mọ. Ṣùgbọ́n nílé, bọ́mọ ò bá tiẹ̀ pè é, á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kì wọ́n láàárọ̀, á rí i lára ìwé ìsìnkú. Ta ló fẹ́ ki ta ní Maryland níbí, tí mò ń jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́?

A wọ mọ́tò. Ó dákẹ́ títí a fi gun afárá Ravenel. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn tó ra ìdílé màmá yẹn ló pa orúkọ wọn rẹ́. Ta ló pa tiwa rẹ́?" Mo ní kó de bẹ́líìtì ẹ̀ dáadáa. Ó ti dè é tẹ́lẹ̀.

A pe Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyá mi sọ orúkọ ìyá wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ géèmù. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú.

Ẹ kọ orúkọ tẹ́ ẹ bá mọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ní ti ibi yòókù, McLeod Plantation, oko ẹrú àtijọ́ kan ní James Island, sàn ju àwọn tó jẹ́ pé òdòdó àti ìgbéyàwó ni wọ́n ń polówó. Àmì ìka àwọn ọmọ ẹrú tó mọ bíríkì ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹ gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel kọjá ní Calhoun Street, níbi tí ọmọ aláwọ̀ funfun kan ti yìnbọn pa èèyàn mẹ́sàn-án níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 2015. Ẹ̀gbọ́n lè gbọ́ ọ, ẹ fi àbúrò sílẹ̀. Agbọ̀n koríko táwọn obìnrin Gullah, ìran àwọn ẹrú etí òkun ibẹ̀, ń hun ní City Market wọ́n gan-an, ẹ má ná an bíi ti Dùgbẹ̀. Ìrẹsì pupa wọn jọ jọ́lọ́ọ̀fù, ata ẹ̀ ni ò tó.

Ọ̀yọ́túnjí wà nítòsí Sheldon, lójú ọ̀nà US 17 tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Savannah. Ọmọ Detroit ni Ọba Adéfúnmi tó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970, Ifẹ̀ sì ti fi í joyè ní 1981. A ò dé bẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní a kì í lọ síbi ìbọ, mo sì gbà fún wọn kíákíá, nítorí mi ò láyà kí àwọn ará Amẹ́ríkà fi Yorùbá kí ọmọ mi, kó wá máa wo ẹnu wọn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, owó ìwọlé wà. Tẹ́ ẹ bá dé bẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.