Póìǹtì dọ́gba, ta ló ni ife?

Ẹ̀gbọ́n oníbọ́ọ̀lù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Ọkọ mi ní nínú líìgì àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2024, Chelsea àti Manchester City jọ ní póìǹtì kan náà, iye ìgbà tí wọ́n borí tún dọ́gba, síbẹ̀ Chelsea ni wọ́n gbé ife fún. Mo ní irọ́ ni, wọn ì bá ti jẹ́ kí wọ́n tún un gbá, bíi Super Six tí wọ́n fi ń parí líìgì àwọn obìnrin Nàìjíríà tiwa. Ló bá ní mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ bá wa dá sí i. (Ìyàwó Alátakò)

Àǹtí wa, ẹ má bínú, ọkọ yín ló jàre nínú eléyìí o. Ṣùgbọ́n kó má pè yín ní aláìmọ̀kan, torí ọ̀rọ̀ yẹn rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú lọ́jọ́ náà.

Ẹ wò ó, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá, Chelsea borí 18, ó ta ọ̀mì 1, wọ́n nà án nínú 3. City náà borí 18, ọ̀mì 1, wọ́n nà án nínú 3. Póìǹtì 55, 55, bí ìbejì. Òfin líìgì wọn sì ni pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ góòlù ni kí wọ́n wò, ìyẹn ni pé kí wọ́n ka góòlù tí ẹ jù sínú àwọ̀n àwọn ẹlòmíì, kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n jù sí tiyín kúrò nínú ẹ̀. Chelsea jù 71, wọ́n jù 18 sí tiẹ̀, ó ku 53. City jù 61, wọ́n jù 15 sí tiẹ̀, ó ku 46. Parí. (Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ṣá, ẹ̀yìn City le ju ti Chelsea lọ, àmọ́ ta ló ń fún èèyàn ní ife torí ìyẹn?)

Bó ṣe débẹ̀ ló dùn. Ní May 1, Chelsea lọ sílé Liverpool, Liverpool nà wọ́n 4 sí 3, kóòṣì wọn Emma Hayes tó ti sọ tipẹ́ pé òun ń lọ máa kọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ife ti lọ, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, mo ti ń kí àwọn tó ń ṣe City kú oríire. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn ni Arsenal lọ bá City nílé, City ti ń nà wọ́n 1 sí 0, ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 90, bí Stina Blackstenius ti Arsenal ṣe jẹ kan nìyẹn, kí wọ́n tó mí kanlẹ̀ ó tún jẹ ìkejì. 2 sí 1. Bunny Shaw ti City, tí góòlù 21 tó jẹ sọ ọ́ di ẹni tó jẹ góòlù jù lọ nínú líìgì, kò sí nínú pápá, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Chelsea na Bristol City 8 sí 0. Ibí yìí ni kí ẹ fi hàn ọkọ yín. Bristol City ti já bọ́ kúrò nínú líìgì náà kí wọ́n tó gbá a, kò sẹ́ni tí ì bá bá Chelsea wí tí wọ́n bá rọra ṣe é ní 1 sí 0, kí wọ́n máa lọ sílé. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ góòlù wọn ì bá di 46, gẹ́lẹ́ bíi ti City, ó di ká tún máa wá ohun mìíràn tá a máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀! Bó ṣe wá di ọjọ́ ìkẹyìn, May 18, póìǹtì 52 ni àwọn méjèèjì ní, góòlù 2 péré ni Chelsea fi ṣíwájú. City na Aston Villa 2 sí 1. Chelsea ní tiẹ̀ wà ní Old Trafford, nílé Manchester United, ìṣẹ́jú kejì ni Mayra Ramírez ti jẹ kan, ó di 6 sí 0 kí wọ́n tó ṣe tán. Ife ìkarùn-ún léraléra nìyẹn.

Super Six tí ẹ wí yẹn, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀ o. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín líìgì wa sí, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ṣíwájú lápá kọ̀ọ̀kan á wá pàdé níbì kan, kálukú á gbá márùn-ún, ẹni tó bá borí jù nínú ìyẹn ló gbé ife. Àbí ibo ni gbogbo góòlù tí wọ́n ti ń jẹ látìbẹ̀rẹ̀ wá wà? Lọ́dún 2023 Asaba ni wọ́n ti ṣe é, Delta Queens ló gbé e. 2024, Benin, Edo Queens. Mi ò ní wọ́n ṣe màgòmágó kankan, wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ ariwo ará ilé ẹni kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní 2025 tí wọ́n wá gbé e wá sí Ìkẹ́nnẹ́, Bayelsa Queens ló gbé e lọ, ìyẹn ò bá ilé wọn tan rárá. Ó dùn ún wò ṣá, mi ò lè parọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọmọ wa tiẹ̀ ń gbá a nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn? (Ọmọ Ìyá Aláṣọ)

Wọ́n ń gbá a dáadáa. Asisat Oshoala ti wà ní Liverpool lọ́dún 2015, ó tún lọ sí Arsenal. Chiamaka Nnadozie, kípà Super Falcons, lọ sí Brighton lọ́dún 2025 láti Paris FC. Rivers Angels ló sì wà kó tó di pé ó fi ilé sílẹ̀, ìyẹn ni pé nínú líìgì tí mò ń bú lókè yìí náà ni wọ́n ti rí i.