Ṣé Caesar ló ba ti Róòmù jẹ́ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń jiyàn lórí àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ó ní Julius Caesar nìkan ló ba ìjọba wọn jẹ́ tó fi di pé olú-ọba ń jẹ lé wọn lórí. Mo ní kì í ṣe òun nìkan, àmọ́ mi ò rí àlàyé ṣe. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre. Caesar jẹ̀bi o, mi ò gbè sẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó dé, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Nígbà tí wọ́n lé ọba wọn lọ, ní nǹkan bíi 509 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ní ẹnì kan ò ní dá jẹ gàba lé àwọn lórí mọ́, ni wọ́n bá ń yan olórí méjì, tí wọ́n ń pè ní kọ́ńsúlù, lọ́dọọdún, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, ó pẹ́ dáadáa.

Àfi ìgbà tó di 133 (ṣáájú ìbí Jésù náà ni gbogbo ọdún tí mo bá dá yìí). Tiberius Gracchus, aṣojú mẹ̀kúnnù, ní kí wọ́n pín ilẹ̀ ìjọba tí àwọn olówó ti gbẹ́sẹ̀ lé fún tálákà, ó sì tún fẹ́ du ipò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí àwọn Sẹ́nétọ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà ìlú. Ẹ wò ó, àwọn àgbà ọlọ́lá yìí ò mú idà o, ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì tó ti kán ni wọ́n ń gbá mú, wọ́n fi lù ú pa, òun àti nǹkan bí 300 èèyàn, wọ́n da òkú wọn sódò Tiber. Scipio Nasica tó ṣáájú wọn, mọ̀lẹ́bí Tiberius ni!

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Sulla ni màá nàka sí. Ní 88, wọ́n ti gbé ogun tí wọ́n fẹ́ bá Mithridates, ọba kan ní Éṣíà, jà fún un, ni ọ̀gágun Marius, bàbá tó ti ń lọ sí 70 ọdún, bá fọ̀nà ẹ̀bùrú gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Sulla kàn lọ bá àwọn sójà ẹ̀ ni, àwọn yẹn sì ń ronú ìkógun tó máa bọ́ lọ́wọ́ wọn tí Marius bá kó sójà míì lọ. Àwọn ọ̀gá abẹ́ ẹ̀ sá tán, ó ku ẹyọ kan, àmọ́ sójà tẹ̀ lé e wọ Róòmù, ìlú tiwọn fúnra wọn! Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà yẹn ò nílẹ̀, kì í ṣe Sẹ́nétì ni wọ́n ń wojú ẹ̀ bí kò ṣe ọ̀gágun tó máa bá wọn wá ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀. Ní 82 tó tún padà dé, orúkọ àwọn ọ̀tá ẹ̀ ló lẹ̀ sójú ọjà Forum, ẹni tó bá pa wọ́n máa gbowó. Ó sọ ara ẹ̀ di apàṣẹwàá, kó tó fúnra ẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Ọ̀nà tí Sulla là sílẹ̀ ni Caesar tọ̀ tó fi kó sójà sọdá odò Rubicon, ààlà tí ọ̀gágun ò gbọdọ̀ kó sójà kọjá, ní 49. Pompey, ọ̀gágun bíi tiẹ̀ tó lọ bá jà, àná ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, Julia ọmọ Caesar tó fẹ́ ti kú ní 54. Wọ́n ní Caesar máa ń fi Sulla ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ABD òṣèlú, kí ló dé tó gbé ipò sílẹ̀? Caesar ní tiẹ̀ gba ipò apàṣẹwàá ti ayérayé ní 44. Kò pé oṣù méjì tí àwọn Sẹ́nétọ̀ kan fi gún un nígbà 23, tó fi kú lẹ́sẹ̀ ère Pompey.